Òṣùwọ̀n Iná: Ìtàn Bí a ti Ń Ṣọ́ Owó Iná Ná ní Òkè-Ìléwó àti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹni tí ó bá gba Òkè-Ìléwó kọjá ní ọ̀sán, ilé ìfowópamọ́ ni yóò máa rí ní ọ̀tún àti ní òsì, nítorí ibẹ̀ ni ìdí okòwò Abẹ́òkúta fi ìkàlẹ̀ sí ní ayé òde òní. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn ilé ńláńlá tí ó kọjú sí títì, àwọn ìdílé ń gbé, wọ́n ń dáná, wọ́n ń lọ aṣọ, wọ́n sì ń sanwó iná. Láàrin irú wọn ni ọ̀rọ̀ bí a ti ṣe lè dín owó iná kù ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ pípa iná nígbà tí a bá jáde nínú yàrá ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yẹ ìtàn wò, a ó rí i pé ìbéèrè kan ṣáájú rẹ̀: lọ́wọ́ ta ni òṣùwọ̀n wà?

Nígbà tí fìtílà ṣì ń jó nílé àwọn baba wa, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro rárá. Àdín tàbí epo pupa wà nínú àwo, òwú wà nínú rẹ̀, ìyálé ilé sì ń fi ojú ara rẹ̀ rí bí epo ti ń fà. Nígbà tí kẹrosíìnì dé, tí ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Arò kọjá sì dé Ìbàdàn ní 1901, ìgò ni a fi ń wọn epo tà lọ́jà. Àtùpà onídígí sì fi ìwọ̀n ohun tí ó kù han ẹni tí ó ni ín. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ka ìwé pẹ́ lóru mọ̀ pé epo ọ̀la ni òun ń jó. Kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́ ará ilé ní ìṣọ́ná, nítorí ohun tí a ń ná wà lójú gbogbo ayé.

Iná mànàmáná ni ó gba ojú yìí lọ́wọ́ onílé. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Thomas Edison bẹ̀rẹ̀ sí ta iná fún àwọn ará New York ní oṣù kẹsàn-án 1882, mítà rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní nọ́ńbà kankan tí oníbàárà lè kà. Àwo síǹkì ni a rì sínú omi kẹ́míkà. Iná tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá a máa sọ síǹkì náà di fífúyẹ́ tàbí wíwúwo. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ a wá gbé e lọ, a sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n kí ó tó kọ owó tí onílé yóò san. Ó péye, ṣùgbọ́n ẹni tí ń sanwó kò lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kò pẹ́ púpọ̀ tí mítà tí gbogbo ojú lè kà fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Èkó ni iná kọ́kọ́ dé, kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Ilé-iṣẹ́ Ìjọrà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1923. Òfin 1950 ni ó dá àjọ ECN sílẹ̀ láti kó àwọn ilé-iṣẹ́ iná ìjọba àti ti ìbílẹ̀ jọ sábẹ́ òrùlé kan. Ní 1969 ni a ṣí ìdídò Káínjì, ní 1972 ECN àti àjọ ìdídò di NEPA, orúkọ tí ẹnu ará ìlú kò tíì fi sílẹ̀ títí di òní. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013 ni pínpín iná bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni; ti Ìbàdàn, IBEDC, ni Abẹ́òkúta wà lábẹ́ rẹ̀.

Láàrin gbogbo ìyípadà orúkọ wọ̀nyí, ohun kan kò yí padà fún ọ̀kẹ́ àìmọye ìdílé: wọn kò ní mítà, tàbí èyí tí wọ́n ní ti kú. Owó iná àfojúdá ni a ń kọ fún wọn. Ẹ̀gbá sì mọ àfojúdá. Nínú ohun tí ó bí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta nínú ní 1947, tí wọ́n fi tẹ̀lé Arábìnrin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lọ sí ààfin Aláké, owó orí nìkan kọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo. Ọ̀nà tí a gbà ń bù ú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa bọ́ aṣọ lára ọmọdébìnrin láti fi ojú wọn bóyá ó ti tó ọjọ́ orí tí a fi ń san owó orí. Ojú ẹni tí yóò gba owó ni a fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, a sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró. A kò gbọdọ̀ fi ìwé owó iná wé ìtìjú irú èyí, nítorí ìwọ̀sí ara kọjá ìwọ̀sí àpò. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni ó wà nísàlẹ̀ méjèèjì.

Ohun tí àfojúdá ṣe sí ìwà onílé ni àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà sọ. Ìdílé tí a ó kọ iye kan náà fún, ìbáà pa iná, ìbáà tàn án mọ́jú, kí ni yóò mú un pa á? Gílóòbù ìta ń jó ní ọ̀sán gangan, ẹ̀rọ adáná oníwáyà ń hó lójoojúmọ́, a sì ń bú onílé pé aláìbìkítà ni. Aláìbìkítà kọ́, ó ti ṣírò tirẹ̀. Ní 2020 ni àjọ tí ń ṣàkóso iná, NERC, fi òdiwọ̀n sí iye tí a lè kọ fún ẹni tí kò ní mítà, ní ọdún kan náà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò pínpín mítà káàkiri orílẹ̀-èdè.

Mítà àsansílẹ̀ dá ojú padà fún onílé. Nọ́ńbà ń fà sẹ́yìn lára ògiri bí epo ti ń fà nínú fìtílà, ọmọ kékeré pàápàá lè kà á. Ìgbà náà ni ìṣirò tó ní ìtumọ̀. Gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì tí ó bá jó fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ yóò jẹ yúnìtì 10.8 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Gílóòbù LED 9 wáàtì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àtijọ́ yóò jẹ 1.62 péré. Iṣẹ́ àwọn ọmọ Japan mẹ́ta, Akasaki, Amano àti Nakamura, ni ó mú irú gílóòbù funfun yìí ṣeé ṣe. Ẹ̀bùn Nobel 2014 ni wọ́n gbà fún un. Ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí NERC gbé owó yúnìtì àwọn tí ó wà ní ìpele Band A kúrò ní nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225, èkínní nínú gílóòbù méjèèjì di ohun tí ń jẹ 2,430 náírà lóṣù, èkejì 364 náírà àti 50 kọ́bọ̀. Iye náà rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ilé tí ó ní gílóòbù márùn-ún ti rí ohun tí yóò fi ra ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n iná títàn kọ́ ni olè tí ó tóbi jù. Ohun tí ń gbóná ni. Àyọ́nù 1,000 wáàtì tí ó bá gbóná láìsinmi fún wákàtí kan jẹ yúnìtì kan, ìyẹn iye tí LED wa yóò fi jó fún wákàtí 111. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi ń kó aṣọ ilé-ìwé ọ̀sẹ̀ kan lọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àyọ́nù má baà máa gbóná lọ́tun láràárọ̀. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò rí àléébù kankan nínú ọgbọ́n yìí. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fìríìjì tí ó ti ya pẹ̀lú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, ń mú kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láìdákẹ́.

Ó kù fún ẹni tí kò tíì ní mítà. Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí kò lè dín kọ́bọ̀ kan kù fún un, bí ó tilẹ̀ gbé nínú òkùnkùn láti ìrọ̀lẹ́ dé àfẹ̀mọ́jú. Ìwé owó iná rẹ̀ yóò dé ní ìparí oṣù, a ó tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, iye tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ ohun tí ojú ẹlòmíràn dá.