Nígbà Tí Aṣíwájú Jìn Sí Kòtò

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí ọgbọ́n yẹn tó lè wúlò, àyè gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹni tó jìn àti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kínní ọdún 1982, ní aṣálẹ̀ Nevada nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí àyè kankan.

Thunderbirds ni orúkọ ikọ̀ náà. Ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa fi bàálù dárà lójú ọ̀run kí aráàlú máa wò. Ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà ní Indian Springs, níbi tí kò jìnnà sí Las Vegas. Bàálù T-38 mẹ́rin ló gbéra. Norm Lowry ni ọ̀gá wọn. Willie Mays, Joseph Peterson àti Mark Melancon ló wa mẹ́ta yòókù.

Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gbọọrọ. Wọ́n fẹ́ gòkè, kí wọ́n dorí kodò lókè, kí wọ́n yí wálẹ̀ bí òrùka, kí wọ́n sì tún máa fò lọ pẹrẹsẹ nítòsí ilẹ̀. Wọ́n gòkè, wọ́n yí. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀, bàálù ọ̀gá kò gbé imú sókè tó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin forí sọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó yè.

A mọ ohun tí ẹ máa bi wá: ṣé àwọn mẹ́ta yòókù ò rí ilẹ̀ ni? Ojú wọn ò sí nílẹ̀. Bí bàálù bá sún mọ́ra tó báyẹn lórí eré, ẹni tó bá gbójú kúrò lára ẹnìkejì lè kọ lù ú kó tó ṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ wọn pé ara ọ̀gá ni kí ojú wọn wà. Ọ̀gá ló ń wo ilẹ̀ fún gbogbo wọn.

Ìwádìí àwọn ológun sọ pé ohun tó ń darí ìrù bàálù Lowry ló há.

Ó rọrùn láti sọ pé wọ́n tẹ̀lé ọ̀gá bí àgùntàn. A ò gbà. Ìtẹ̀lé tó pa wọ́n lọ́jọ́ yẹn náà ló ti ń dá ẹ̀mí wọn sí ní gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀bi ò sí lọ́rùn ẹni tó fọkàn tán ọ̀gá rẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé ojú kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ẹ̀mí mẹ́rin.

Ní 2014, àwọn ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kan sínú bàálù F-16 wọn. Bí ilẹ̀ bá ti sún mọ́ jù tí awakọ̀ ò sì ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ náà á fúnra rẹ̀ gbé bàálù sókè. Ní 2016, akẹ́kọ̀ọ́ kan dákú nínú bàálù ní Arizona níbi tó ti ń dánra wò. Ẹ̀rọ yẹn ló gbà á là.

Ojú kejì nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa tẹ̀lé aṣíwájú wa o, àmọ́ ká rí i pé ẹlòmíràn náà ń wo ilẹ̀.