Àwọn Oníjàálá Òkè-Ògùn

Àwọn oníjàálá Òkè-Ògùn ni àwọn akéwì ọdẹ tí ń sun ìjálá ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣí. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní agbègbè náà. Pápá ọ̀dàn ni ilẹ̀ wọn: koríko tó ga ju ènìyàn lọ, igi emi àti òkúta ràbàtà. Odò Ògùn, tó ń ṣàn láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀sà Èkó, ni wọ́n fi sọ agbègbè náà lórúkọ. Kí òǹkàwé má fi odò yìí pe Ògún o. Ògún ni òrìṣà irin tí àwọn ọdẹ ń bọ, òun ni wọ́n sì gbà pé ó ni ìjálá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní aré Ògún.

Ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú ló ń kó àwọn akéwì wọ̀nyí jọ, Olúọdẹ sì ni olórí wọn. Ọmọ tó fẹ́ mọ ìjálá á tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ tàbí ọ̀gá mìíràn lọ sóde. Á máa gbọ́, á máa sín in jẹ, á máa gbe ọ̀gá. Ó di ìgbà tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i kó tó dá sun níwájú àgbà. Ọdún Ògún, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìṣílé, tàbí ìdí ẹmu lásán, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ún.

Oríkì ìdílé àti oríkì igi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó dùn jù, lójú tèmi, ni oríkì ẹranko. Ẹni tó ti fi òru ṣọ́ ẹran lórí igi mọ bí ẹtu ṣe ń na etí. Ó mọ bí ẹfọ̀n tó fara gbọta ṣe ń yí padà lé ọdẹ, ó sì mọ ohun tí túùkú ń fi oko iṣu ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló ń kó sínú ohùn, táá tún fi ẹ̀fẹ̀ sí i nípa bí ẹran náà ṣe ń dùn nínú ọbẹ̀. Ọdẹ bíi tirẹ̀ ló sì ń gbọ́ ọ. Bó bá ṣi oríkì kì, ẹlòmíràn á gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Onítọ̀hún náà á wá gbèjà ara rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun. Adébóyè Babalọlá ṣàlàyé àríyànjiyàn yìí nínú ìwé tó kọ lórí ìjálá, tí wọ́n tẹ̀ ní Oxford ní 1966. 

Bí ọdẹ bá kú, ìrèmọ̀jé, ewì arò ọdẹ, ni wọ́n ń sun níbi ìṣípà rẹ̀, ìyẹn ètò ìdágbére tí àwọn ọdẹ ń ṣe fún un. Bádé Àjùwọ̀n kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1982.

Ṣakí ló bí Àlàbí Ògúndépò, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ìjálá kúrò lágbo ọdẹ wọ inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, tí ẹni tí kò gbé ìbọn rí fi ń gbọ́ ọ.

Ní 1991 ni ìjọba sọ igbó tó yí Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, ká di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ó fara kan Ṣẹpẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, kò sì sẹ́ni tó láṣẹ láti dọdẹ níbẹ̀. Láti 2020, nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ń ṣọ́ ìlú dípò ẹran. Bí ọ̀dọ́ oníjàálá bá ń ki erin lónìí, ẹnu ọ̀gá rẹ̀ ló ti mọ erin. Ta ni yóò wá dá a dúró bó bá ṣì í kì? Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣì ń sun ìjálá ní Ṣakí tàbí Kíṣí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù yín sí i lẹ́nu kí ilẹ̀ tó ṣú.