Ìtàn Ẹrẹ̀ Òkun Minamata

Omi lè mọ́ gaara kí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Ní Minamata, ní ilẹ̀ Jàpáánù, ilé-iṣẹ́ Chisso da ẹ̀gbin tí ó ní mẹ́kúrì, irin tí í ṣàn bí omi, sínú òkun láti 1932 títí di 1968. Ó wọ inú ẹrẹ̀ àti ara ẹja, ó sì wọ ara àwọn tí ń jẹ ẹja náà. Àwọn ológbò ń ta gìrì, wọ́n ń já sómi.

Ní oṣù May 1956, Dókítà Hosokawa, ọ̀gá ilé-ìwòsàn Chisso gan-an, ròyìn àrùn náà fún àwọn aláṣẹ ìlera. Ní 1959, ó po ẹ̀gbin náà mọ́ oúnjẹ ológbò kan. Àrùn náà mú un. Ilé-iṣẹ́ bo èsì yìí mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí ìjọba tó jẹ́wọ́ ohun tí ó fà á! Ó dùn wá láti kọ ọ́.

Láti 1977 di 1990 ni wọ́n fi kó ẹrẹ̀ tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ ju ìdá 25 nínú 1,000,000 lọ. Ìdá kékeré yìí mà ni! Wọ́n sé e mọ́ abẹ́ ilẹ̀ tuntun tí ó tó hẹ́kítà 58. Ní 1997 ni wọ́n tó ká àwọ̀n tí wọ́n fi há àwọn ẹja náà mọ́.