Ìṣẹ̀lẹ̀ Ojú Omi tí Wọ́n Fi Kẹ́wọ́ Ogun: Tonkin, Havana àti Èkó

Ìjà tó bá wáyé nígboro, ará àdúgbò á rí i, wọn á sì lè jẹ́rìí sí i. Ti ojú òkun kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn tó wà nínú ọkọ̀ nìkan ló máa ń ròyìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn sábà máa ń bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ yìnbọn. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò tó. Kí ni àwọn aláṣẹ ti pinnu kí ìròyìn náà tó dé etí wọn?

Ẹ jẹ́ ká mú ti Tonkin, ní Vietnam. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1964, ọkọ̀ ogun kéékèèké mẹ́ta ti Àríwá Vietnam kọlu Maddox, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ: ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, àwọn ọkọ̀ Gúúsù Vietnam, lábẹ́ ètò ìkọ̀kọ̀ tí Amẹ́ríkà ń darí, ti yìnbọn sí erékùṣù Hon Me àti Hon Ngu. Ìjọba Amẹ́ríkà kò sọ èyí fún aráàlú.

Ọ̀rọ̀ wá dojú rú lálẹ́ ọjọ́ 4. Maddox àti Turner Joy, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mìíràn, ní wọ́n tún ti kọlu àwọn; wọ́n ń yìnbọn nínú òkùnkùn fún wákàtí mélòó kan. Kò pẹ́ tí Herrick, ọ̀gá tó ń darí ọkọ̀ méjèèjì, fi ránṣẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ojú ọjọ́ ti tan rédà jẹ, kí àwọn tó ń gbọ́ ohùn abẹ́ omi sì ti ṣi ohun tí wọ́n gbọ́ mú. Ó ní kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa ná. James Stockdale, tó ń wa bàlúù lókè wọn, sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rí ọkọ̀ ọ̀tá kankan. Síbẹ̀, Ààrẹ Johnson kò dúró. Ní ọjọ́ 7, ilé aṣòfin kékeré fi ìbò 416 sí òdo fún un láṣẹ ogun. Ti àgbà jẹ́ 88 sí 2. Aṣòfin Morse àti Gruening nìkan ló kọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Johnson sì ti ń ṣètò irú àbá bẹ́ẹ̀ láti ìdajì àkọ́kọ́ ọdún náà! Robert Hanyok, òpìtàn iléeṣẹ́ ìtẹ́tísí àṣírí Amẹ́ríkà, fi hàn nínú iṣẹ́ tí wọ́n tú síta ní 2005 pé ìkọlù kejì kò wáyé, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ló yí ẹ̀rí po láti bo àṣìṣe wọn.

Ti Havana yàtọ̀. Maine, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, bú gbàmù ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1898 ní èbúté Havana, ní Cuba tí Sípéènì ń ṣàkóso nígbà náà. Ó lé ní 260 atukọ̀ tó kú. Amẹ́ríkà ní bọ́ǹbù abẹ́ omi ni. Sípéènì ní láti inú ọkọ̀ ni. Ogun bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn ní oṣù Kẹrin. Ní 1976, ìwádìí Rickover, ọ̀gágun ojú omi Amẹ́ríkà, gbè sẹ́yìn Sípéènì: ó jọ pé iná inú èédú ló ran ẹ̀tù. Ẹnikẹ́ni kò hùmọ̀ ìbúgbàmù yẹn. Sùúrù ni kò sí.

Nílé wa ńkọ́? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, lẹ́yìn tí Kosoko, ọba Èkó, ti kọ àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì fi lọ̀ ọ́ láti fòpin sí òwò ẹrú, Beecroft, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, kó ọkọ̀ Bloodhound àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tó kún fún ológun wọ Èkó pẹ̀lú àsíá funfun. Àwọn ará Èkó yìnbọn sí wọn. Àsíá àlàáfíà wo ló ń kó àgbá lẹ́yìn? Ní oṣù Kejìlá, wọ́n padà wá fi àgbá fọ́ ìlú, ogun tí Èkó ń pè ní Àgídìngbì, wọ́n sì dá Akitoye, ọba tí Kosoko ti lé kúrò, padà sórí oyè. Ìwé tí Beecroft àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ránṣẹ́ wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn wa kà wọ́n pa pọ̀ mọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu ìdílé àwọn olóyè Èkó.