Àpótí Tó Sùn sí Ọ̀nà: Ọjọ́ Jímọ̀ Kan, láti Ìkẹjà dé Alákijà

Ọjọ́ púpọ̀ ni mo pa pọ̀ di ọjọ́ kan níbí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá orúkọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Oṣù December ni, nígbà tí àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun ń rọ́ wálé fún ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan, nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò ìyá ìyàwó. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló balẹ̀ sí Èkó, àpótí rẹ̀ kò bá a balẹ̀. Aṣọ ẹbí, gèlè, bàtà òde àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nínú rẹ̀. Sátidé ni ìgbéyàwó. Hòtẹ́ẹ̀lì kan tí kò tóbi ní Alákijà ló dé sí, torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Aago 5:30 àárọ̀

Bàálù tó gbé àpótí náà balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, Ìkẹjà. Ìlú tí obìnrin yẹn ti pààrọ̀ ọkọ̀ lánàá ni àpótí sùn sí. Àárín bàálù méjèèjì kò tó wákàtí kan. Òun sáré, ó bá a, ẹrù rẹ̀ ò bá a. Ibi ìpààrọ̀ ọkọ̀ yìí náà ni ẹrù ti ń ṣìnà jù káàkiri ayé. SITA, iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú fi ń wá ẹrù, ṣírò ọdún 2023 pé nínú 1,000 èrò, ẹrù 6.9 ló ní ìṣòro, tí 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì ti ibi ìpààrọ̀ wá.

Tágì tó wà lọ́wọ́ àpótí ní nọ́ńbà mẹ́wàá. Mẹ́fà tó kẹ́yìn jẹ́ ti àpótí fúnra rẹ̀, mẹ́ta tó ṣáájú wọn jẹ́ ti iléeṣẹ́ ọkọ̀, ẹyọ kan tó ṣíwájú gbogbo wọn ló ń sọ irú ẹrù tó jẹ́. Ẹyọ yẹn ti di 2 láàárọ̀ yìí, lórí tágì tuntun tí wọ́n so mọ́ ọn lóru: ẹrù tó ń lé ẹni tó ni ín. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tún un yẹ̀ wò. Bọ́ǹbù inú àpótí kan tí kò sí ẹni tó ni ín nínú bàálù ló já Pan Am 103 lulẹ̀ sí Lockerbie ní 21 December 1988, tí èèyàn 270 fi kú. Látìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń fojú líle wo àpótí tó bá ń dá rìn.

Aago 5:50 àárọ̀

Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un láti Ìkẹjà, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù, ti mọ̀. Ibi iṣẹ́ òru ni ọmọ náà ti ń bọ̀ tó fi pè é.

“Mummy, báàgì yín ti dé Ìkẹjà o.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Mò ń rí i lórí fóònù mi.”

“Ìwọ tó o wà ní Peckham?”

AirTag ni, nǹkan roboto bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọ̀lékè, tó jù sí abẹ́ aṣọ kí ìyá rẹ̀ tó kúrò nílé. Apple gbé e jáde lọ́dún 2021. Kò ní síìmù, kò sì lè fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ dé ọ̀nà jíjìn. iPhone ẹlòmíràn tó bá wà nítòsí rẹ̀ ló ń bá a jíṣẹ́. Pápákọ̀ kún fún iPhone, nítorí náà ó ń hàn ketekete. Láti ìparí ọdún 2024 ni Apple ti jẹ́ kí èrò lè fi ojú ibi tí ẹrù wà ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú, SITA sì ti mú un wọ inú ẹ̀rọ ìwá-ẹrù tirẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró sẹ́nu káńtà rí, tí wọ́n ń sọ fún un pé ẹrù rẹ̀ ṣì wà ní Yúróòpù nígbà tó ń rí i lórí fóònù pé ó wà lẹ́yìn ògiri tó dojú kọ, á mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Aago 7:15 àárọ̀

Lánàá, kí obìnrin náà tó kúrò ní pápákọ̀, ó kọ fọ́ọ̀mù ẹrù tó sọnù. Wọ́n na káàdì kan tó ní àwòrán oríṣiríṣi àpótí sí i, ó sì tọ́ka sí èyí tó jọ tirẹ̀. Àwọ̀ di lẹ́tà méjì, irú àpótí di nọ́ńbà méjì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú WorldTracer. Ẹ̀rọ yìí á máa fi ẹrù tí wọ́n ń wá wé ẹrù tí wọ́n rí káàkiri ayé fún 100 ọjọ́. Nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LOS, orúkọ tí àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ń pe Èkó, lẹ́tà méjì ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ tẹ̀ lé e, nọ́ńbà márùn-ún sì kẹ́yìn. Ó ya fọ́tò rẹ̀ pamọ́. Ọgbọ́n nìyẹn: aago mẹ́sàn-án kò ní tíì kọjá púpọ̀ kó tó wúlò.

Tẹ́ ẹ bá rò pé ariwo lásán ni ọ̀rọ̀ ẹrù December, ẹ rántí òpin ọdún 2018. Turkish Airlines ń gbé èrò dé Nàìjíríà láìgbé ẹrù wọn dé, torí pé ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ná ọ̀nà yìí kéré, títí àjọ NCAA, tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú nílẹ̀ wa, fi kọ̀wé pé àwọn máa dá wọn dúró. Ìgbà tí wọ́n ṣèlérí ọkọ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀.

Aago 9:20 àárọ̀

Fóònù ń dún ní Alákijà.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Mummy, àpótí yín ti dé. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún wa ní nọ́ńbà àgádágodo yẹn, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fẹ́ wo inú ẹ̀.”

“Ẹ káàárọ̀, ọmọ mi. Níbo lẹ ti ń pè?”

“Ìkẹjà ni mà.”

“Ìkẹjà tóbi. Ẹ ka nọ́ńbà fáìlì mi kí n gbọ́.”

Ọmọkùnrin náà kà á, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Obìnrin náà fi wé fọ́tò inú fóònù rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní kó máa kọ ọ́. Ká ní kọ́kọ́rọ́ onírin ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀: òun fúnra rẹ̀ ni ì bá gbé kọ́kọ́rọ́ lọ, tàbí kó kọ lẹ́tà àṣẹ fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kàn ń ní kí ẹlẹ́rù wá gbé e, ẹrù tí wọ́n gbé wá sẹ́nu ọ̀nà wà fún ẹni tó bá béèrè, tó sì tẹpẹlẹ mọ́ ọn. Òun ti béèrè lánàá, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Aago 12:40 ọ̀sán

Wọ́n gbé àpótí sínú ọkọ̀ Sienna pẹ̀lú ẹrù àwọn ẹlòmíràn. Òfin 753 ti ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú lágbàáyé, IATA, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 2018. Ó ní kí wọ́n mọ ibi tí ẹrù wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin: nígbà tí èrò fi lélẹ̀, nígbà tó wọ inú ọkọ̀, nígbà tó dé ibi ìpààrọ̀, àti nígbà tó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìwé ni wọ́n fi mú ẹsẹ̀ kẹrin ṣẹ lónìí. Dẹ́rẹ́bà buwọ́ lù ú, akọ̀wé tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó parí. Gbogbo ẹ̀rọ tó mọ àpótí yìí láti Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe tiwọn tán. Ohun tó wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà báyìí ni nọ́ńbà fóònù kan, orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì, àti ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n kọ síwájú àdírẹ́sì: Festac Town.

Aago 1:25 ọ̀sán

Jímọ̀ ni. Dẹ́rẹ́bà dúró kírun ní Ìsọlọ̀, ó sì gbé ẹrù àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Aago 3:15 ọ̀sán

Ìlasà, Cele, ẹ̀yìn náà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìdajì títì ni àwọn ọkọ̀ agbépo àti kọ̀ǹténà tó ń lọ Àpápá gbà. Ní Peckham, ọmọ náà jí látojú oorun òwúrọ̀, ó wo fóònù rẹ̀, ó rí i pé àpótí ṣì wà ní Ìlasà. Ó pe ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé wọ́n ti jí i gbé. Tecno àti Infinix ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú dánfó lójú ọ̀nà yìí, AirTag ò sì lè rán èyíkéyìí nínú wọn níṣẹ́. Ó ní láti dúró títí ẹni tó ní iPhone fi máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sienna. Nígbà tó tún hàn, Mile 2 ló wà, nítòsí ojú irin Blue Line. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina láti September 2023. Ibùdókọ̀ Alákijà wà nínú apá kejì tó máa dé Òkòkomáìkò.

Aago 4:20 ìrọ̀lẹ́

Bí dẹ́rẹ́bà bá béèrè hòtẹ́ẹ̀lì Festac, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá inú Amùwò-Ọ̀dọ̀fin ni gbogbo ayé máa júwe fún un, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Durbar, tí wọ́n tún ti pè ní Festival àti Golden Tulip. Ibẹ̀ ló lọ. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà yẹ orúkọ wò, kò sí i níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbìyànjú inú Festac lọ́hùn-ún.

Ó wọ Festac. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni àpótí ń lọ ni, wàhálà ì bá ti tán, torí pé ìlú tí wọ́n fi rúlà fà ni. Nọ́ńbà tó ṣáájú nínú nọ́ńbà títì sábà máa ń sọ avenue tó ti yà, close sì ní lẹ́tà tirẹ̀. Torí àlejò gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn òṣèré àti olórin láti orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́ta ni wọ́n kọ́ ọ fún, fún àjọ̀dún FESTAC tó wáyé láti 15 January sí 12 February 1977. Ilé ìwọkọ̀ òfuurufú tuntun ní Ìkẹjà kò tíì sí nígbà náà, March 1979 ni wọ́n ṣí i. Ẹ fojú inú wò ó: ìlù, agọ̀ eégún, aṣọ ijó ìlú rẹpẹtẹ, gbogbo wọn láti pápákọ̀ àtijọ́ wá sí ìlú tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ó wù mí kí n mọ ẹni tó kọ ìwé àwọn ẹrù yẹn.

Àmọ́ Alákijà kọ́ nìyẹn. Bí èèyàn bá ti Mile 2 ń bọ̀ lójú ọ̀nà Badagry, Festac wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Alákijà, Ọ̀nà Òjó àtijọ́, Navy Town àti Satellite Town wà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó kọ àdírẹ́sì fi Festac Town síwájú torí pé gbogbo Èkó mọ̀ ọ́n. Wákàtí kan gbáko ni ọ̀rọ̀ méjì yẹn gbà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà.

Aago 5:35 ìrọ̀lẹ́

Ó kọjá Second Gate, ó kọjá Àgbójú, ó pe hòtẹ́ẹ̀lì.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí níwájú yín?”

“Mo rí fílíńsítéṣọ̀n.”

“Èwo nínú wọn?”

“Ó ní ẹni tó ń ta búrẹ́dì níwájú ẹ̀.”

“Ẹ ti kọjá wa. Ẹ yípo padà. Tẹ́ ẹ bá rí fọkanáísà, ẹ béèrè mi lọ́wọ́ ẹ̀, ó mọ̀ mí.”

Fọkanáísà náà mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó tún rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan pé kó jókòó síwájú ọkọ̀ láti mú wọn débẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó mú àpótí yìí rìn lọ́jọ́ náà, ọmọ yẹn nìkan ni kò béèrè nọ́ńbà kankan.

Aago 6:10 ìrọ̀lẹ́

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ má bínú, ọ̀nà ò dáa.”

“Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ẹ dúró ná.”

Kò tíì buwọ́ lùwé. Ó kọ́kọ́ fà á lọ fà á bọ̀ wo táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi ọwọ́ pa síìpù yíká, ó ṣí i, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ títí tó fi kan ike oògùn. Gèlè kò ká. Igun àpótí kan ti sán, ó sì kọ ọ́ sórí ìwé dẹ́rẹ́bà kó tó buwọ́ lù ú. Òfin Montreal ti ọdún 1999, tí Nàìjíríà náà tọwọ́ bọ̀, fún un ní ọjọ́ méje láti fẹjọ́ ẹrù tó bàjẹ́ sùn, àti ọjọ́ 21 fún èyí tó pẹ́ dé, láti ọjọ́ tí ẹrù tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Láti 28 December 2024, gbèdéke owó tí ọlọ́kọ̀ òfuurufú lè san lórí ẹrù èrò kan ti di 1,519 SDR, owó ìṣirò ti àjọ IMF. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé ohun tó ná hàn.

Ó fún dẹ́rẹ́bà lówó omi. Ó fún ọmọ fọkanáísà náà.

Aago 8:40 alẹ́

Ọmọ rẹ̀ ní kó yẹ fáìlì náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti tì í. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹrù tẹ ẹni tó ni ín lọ́wọ́ ní aago 12:40 ọ̀sán, nígbà tí Sienna ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní gétì pápákọ̀. Obìnrin náà ní ó dáa, òun á sọ fún wọn. Ó ya fọ́tò ìwé tí dẹ́rẹ́bà fi sílẹ̀, níbi tí òun ti kọ 6:10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó ya rìsíìtì oògùn tó rà láàárọ̀, ti sílípáàsì, ti aṣọ àwọ̀sùn tó rà ní Àgbójú. Ẹni tó tà á fún un kò ní ìwé rìsíìtì, ẹ̀yìn páálí ló kọ ọ́ sí. Ó ya ìyẹn náà mọ́ ọn.