Fóltì Méjìlá Inú Ọkọ̀: Iná Tí Wọn Kò Ṣe fún Iṣẹ́ Ilé

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí owó lítà kan sì fò láti ìsàlẹ̀ náírà 200 lọ sí ẹ̀gbẹ́ náírà 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń wo ẹ̀rọ amúnáwá kékeré, èyí tí aráàlú fi ẹ̀fẹ̀ sọ ní "I better pass my neighbour", ti yí padà. Onígbàjámọ̀, ẹni tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́, ayàwòrán tó ń ti òde ìgbéyàwó kan bọ́ sí òmíràn, gbogbo wọn ló ń bi ara wọn léèrè ohun kan náà: bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá lè pèsè iná fún rédíò àti iná iwájú, kí ló dé tí kò fi lè pèsè rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìgẹrun? Ìdáhùn ìbéèrè náà wà lórí àtẹ láti Álábà dé Ládípọ̀. Àpótí onírin pẹlẹbẹ kan ni, ó ní wáyà pupa àti dúdú lẹ́yìn, ó sì ní ihò púlọ́ọ̀gì níwájú. Inverter ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba iná fóltì 12 lọ́wọ́ bátìrì, kó sì sọ ọ́ di fóltì 230, irú èyí tó ń ti orí òpó wá sínú ilé.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn nípa ẹ̀rọ yìí kò pé. Ihò púlọ́ọ̀gì nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù, nítorí kò sí ọmọ tó dàgbà nílé oníná tí kò mọ̀ pé iná a máa gbé èèyàn. Ẹ̀rù yẹn tọ́, torí pé fóltì 230 tó ti inú inverter jáde lè pani gẹ́gẹ́ bí èyí tó ti orí òpó wá. Bátìrì ni wọ́n fojú tín-ín-rín. Réwáyà a máa fi ọwọ́ lásán di orí bátìrì mú, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé fóltì 12 kò lágbára. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn inverter, ní ìhà ọ̀dọ̀ bátìrì, ni iná ti lè ràn mọ́ ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ohun tó fà á ti pẹ́ ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1882, Thomas Edison tan ilé iṣẹ́ iná rẹ̀ ní òpópónà Pearl nílùú New York. Iná tó ń tà jẹ́ iná ọlọ́nà-kan, èyí tó ń ṣàn bí odò láti orísun lọ síbi iṣẹ́ láìyí padà. Irú rẹ̀ náà ló wà nínú bátìrì. Fóltì bíi 110 ni Edison lò, ìṣòro rẹ̀ kò sì pẹ́ fara hàn. Bí fóltì bá kéré, ìṣàn iná, èyí tí wọ́n ń fi ámpíà wọ̀n, gbọ́dọ̀ pọ̀ kí iṣẹ́ kan náà tó lè ṣe é ṣe. Bí ámpíà bá sì pọ̀, wáyà a máa gbóná, a sì máa jẹ nínú iná náà lójú ọ̀nà. Kí wáyà má baà gbóná, àfi kó nípọn. Owó bàbà tí Edison ń rì mọ́ abẹ́ ilẹ̀ kò jẹ́ kí iná rẹ̀ lè rìn jìnnà ju nǹkan bíi máìlì kan lọ.

George Westinghouse, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tí Nikola Tesla ṣe, gba ọ̀nà mìíràn. Iná àlọ-àbọ̀ ni tirẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ayùn lọ́wọ́ àwọn agégẹdú. Tìránsífọ́mà lè gbé fóltì irú iná yìí sókè, kó fi ámpíà díẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1896, iná tí wọ́n fi agbára omi Niagara ṣe dé ìlú Buffalo, ìrìn tó ju ogún máìlì lọ. Ọdún 1896 yẹn kan náà ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn nílùú Èkó lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Iná àlọ-àbọ̀ ló borí jákèjádò ayé. Òun ni ECN pín, òun ni NEPA tó jogún rẹ̀ ní 1972 pín, òun náà sì ni àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó gba ìpínkiri iná ní 2013 ń pín, nígbà tí wọ́n bá rí i pín.

Inú ọkọ̀ ni iná irú ti Edison rí ibi forí pamọ́ sí. Bátìrì kò lè tọ́jú iná àlọ-àbọ̀, nítorí náà ọkọ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn gbà. Kí ó tó di ọdún 1912, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó jí, irin tí wọ́n sì fi ń yí i a máa ta padà, a máa ṣẹ́ni lápá. Charles Kettering ló yọ wọ́n nínú wàhálà yẹn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí àwọn mẹkáníìkì Nàìjíríà ń pè ní kíkì, èyí tí Cadillac fi sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1912. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bátìrì fóltì 6 ló gbòde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń tóbi sí i ní àwọn ọdún 1950, tí kíkì sì nílò agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bọ́ sí fóltì 12. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen fi bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní Ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, nílùú Èkó, ní 1975, fóltì 12 ti di àṣà.

Ó yẹ kí ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n mú fóltì 12 yé èèyàn. Kíkì a máa fa ámpíà tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni. Iná iwájú, fèrè àti rédíò kò fa nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ro ti fíríìjì, kò sì sẹ́ni tó ro ti áyọ́ọ̀nù.

Rédíò ló kọ́kọ́ bi fóltì inú ọkọ̀ ní ìbéèrè tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ní 1930, Paul Galvin àti Joseph àbúrò rẹ̀ ní Chicago gbé rédíò ọkọ̀ jáde tí wọ́n sọ ní Motorola. Àwọn gílóòbù inú rédíò ìgbà náà nílò fóltì tó lé ní ọgọ́rùn-ún, bátìrì kò sì ní in. Ojútùú tó wá gbajúmọ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni ahọ́n irin tín-ín-rín kan nínú agolo, tó ń gbọ̀n, tó ń pa iná, tó ń tan án, ní ìwọ̀n ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná ọlọ́nà-kan tí wọ́n ń gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ bẹ́ẹ̀ di ohun tí tìránsífọ́mà lè gbé sókè. A máa kùn bí oyin. Òun ni baba ńlá inverter inú ọkọ̀. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú: ní 1925, David Prince ti ilé iṣẹ́ General Electric fi inverter ṣe àkọlé àpilẹ̀kọ kan nípa ẹ̀rọ ńlá tó ń sọ iná ọlọ́nà-kan di àlọ-àbọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ Bell Labs ṣe transistor ní 1947, kò pẹ́ tí ahọ́n irin náà fi lọ sí ìgbàgbé. Transistor kì í jẹrà bí ahọ́n irin, ó sì lè pa iná kó tún tàn án ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; ìdí nìyẹn tí inverter òde òní fi kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan pani lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí. Láti àwọn ọdún 1960 ni alternator ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò dáínámò nínú ọkọ̀, iná àlọ-àbọ̀ sì ni alternator ń ṣe. Wọ́n á sọ ọ́ di ọlọ́nà-kan kí bátìrì lè gbà á, inverter á tún sọ ọ́ padà di àlọ-àbọ̀. Lójú ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ yẹn, ẹ̀kúnwọ́ kan ń ṣòfò lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń ra epo ló sì ń sanwó rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, àwọn ọkọ̀ sinimá ìjọba tó ń lọ láti abúlé dé abúlé láyé àwọn òyìnbó amúnisìn kò gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì ọkọ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá ni wọ́n gbé dání. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ mọ ohun tí bátìrì kò lè gbé. Lẹ́yìn tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń wọ ìlú kéékèèké díẹ̀díẹ̀, irú èyí tó ń fi fóltì 12 ṣiṣẹ́ tààrà, aláwọ̀ dúdú àti funfun, wá wúlò níbi tí iná kò dé. Bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n ń rù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń chájì rẹ̀, tí wọ́n sì ń rù bọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí fóònù alágbèéká dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni ihò tí wọ́n ṣe fún títan sìgá wá di ihò gbogboǹṣe. Fóònù kò gbà ju wáàtì díẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tí ó rí àléébù kankan níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ló ju èje lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ wáàtì 1,000 kò gbà ju ámpíà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ lójú fóltì 230, wáyà ilé lásán tó o. Bí wáàtì 1,000 yẹn kan náà bá ń ti inú bátìrì fóltì 12 wá, ámpíà 83 ni. Bí wọ́n bá ṣírò èyí tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ ọn, ó di nǹkan bí 95. Ìṣòro òpópónà Pearl nìyẹn, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ooru kì í sì í bá ámpíà rìn lẹ́sẹ̀ kan náà: bí ámpíà bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin. Ojú ìsopọ̀ kan tí kò le dáadáa, tí ìdènà rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún óòmù lọ, yóò mú ooru wáàtì 100 jáde bí ámpíà 100 bá gba ibẹ̀ kọjá. Ooru gílóòbù ńlá kan ni, lójú kan tí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá àti rọ́bà. Kò ní gbé ẹnikẹ́ni. Yóò kàn máa gbóná títí ni.

Èyí ló mú kí ihò sìgá ní ààlà tirẹ̀. Fíúùsì rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ámpíà 10 sí 20, inverter tó bá sì ju wáàtì 150 lọ kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti orí bátìrì: bàbà gidi, tó nípọn tó mìlímítà onígun mẹ́rin 25 sí 35 fún wáàtì 1,000, tó sì kúrú bó bá ti lè kúrú tó. Wáyà aluminíọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára dà bí ògidì lójú, ṣùgbọ́n kò lè gbé ohun tí bàbà ń gbé.

Fíúùsì ni ọ̀pọ̀ réwáyà máa ń fò dá, tàbí kí wọ́n fi fọ́nrán wáyà kan dí ojú èyí tó jó kí iṣẹ́ lè yá. Wọ́n rò pé inverter ló ń dáàbò bò. Wáyà ni. Bí wáyà pupa bá ń gún ara irin ọkọ̀ lójoojúmọ́ lórí títì tó kún fún kòtò, ọjọ́ kan ni awọ rẹ̀ yóò bó, bátìrì yóò sì tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpíà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fíúùsì bá wà, òun nìkan ni yóò jó. Bí kò bá sí, awọ wáyà ni yóò gbaná, láti ẹnu bátìrì dé inú ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ orí bátìrì tó ní àmì àròpọ̀ ni ààyè rẹ̀, kó má jìnnà sí i ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Gbogbo wáyà tó wà ṣáájú fíúùsì kò ní alábòójútó.

Inverter fúnra rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Abẹ́ àga tí aṣọ bò, inú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná, àti ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo kì í ṣe ààyè rẹ̀. Bátìrì tó ń chájì a máa tú gáàsì haidirójìn jáde, èyí tí ẹ̀ta iná kékeré lè mú bú gbàmù. Kí wọ́n pa inverter kí wọ́n tó so ó, kí wọ́n so wáyà pupa ṣáájú, kí ti dúdú sì gbẹ̀yìn, síbi ara irin tó jìnnà díẹ̀ sí bátìrì. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ki púlọ́ọ̀gì inverter bọ ihò ara ògiri ilé kó lè tan gbogbo yàrá, torí ọjọ́ tí iná òpó bá dé lójijì, méjèèjì yóò kọlu ara wọn, òṣìṣẹ́ tó bá sì wà lórí òpó lè fara gbá a.

Bátìrì tí wọ́n ṣe fún kíkì kò fẹ́ kí wọ́n fà á gbẹ. Bí ó bá jẹ́ ámpíà-wákàtí 60, ìdajì rẹ̀ kò lè gbé wáàtì 300 ju bíi wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lọ nítorí ìyẹn gbọ́dọ̀ rántí pé alternator kì í mú gbogbo agbára rẹ̀ jáde nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, àti pé èéfín carbon monoxide tó ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani nínú gáréèjì tí wọ́n tì.

Ọ̀nà tí Westinghouse gbà ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń gbà báyìí. Ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì ńlá papọ̀, irú Toyota Prius, ní bátìrì tí fóltì rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan nínú wọn fi lè ní ihò iná wáàtì 1,500 láti ilé iṣẹ́ wá láìsí pé wáyà nípọn bí okùn. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ àti omíyalé tó kọlu Jàpáànì ní oṣù Kẹta ọdún 2011, wọ́n fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tanná fún àwọn tó sá àsálà. Irú wọn ti ń dé Nàìjíríà bíi tòkúnbọ̀. Fóltì 100 ni ihò ti Jàpáànì ń mú jáde, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ẹ̀rọ tí wọ́n sì rà lọ́jà Nàìjíríà sábà máa ń béèrè 230; ara ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ní ẹ̀yìn tàbí nísàlẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké.