Ohun Tí Ó Lè Fa Kí Ọwọ́ Tàbí Ẹsẹ̀ Máa Kú, Tàbí Kí Ó Máa Tani Bí Abẹ́rẹ́

Kò sí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kú rí lẹ́yìn tí ó ti ká a sábẹ́ ara rẹ̀ jókòó pẹ́. Bí ó bá dìde, yóò dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa ta á bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un, gbogbo rẹ̀ yóò sì lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Irú èyí kì í ṣe àìsàn. Èyí tí ó yẹ kí ènìyàn fura sí ni èyí tí ó ń wá láìnídìí, tí ó ń padà wá, tàbí tí kò lọ mọ́. Àwọn kan a ní atẹ́gùn inú ara ni, àwọn mìíràn a ní àwọn fi ẹsẹ̀ tẹ oògùn ni, wọn a sì jẹ́ kí àìsàn gidi máa dàgbà lábẹ́lẹ̀.

Iṣan ìmọ̀lára ni ó ń gbé ìròyìn láti awọ ara, gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn, lọ sí ọpọlọ. Bí nǹkan bá tẹ iṣan yìí, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó, tàbí bí májèlé bá bà á jẹ́, ìròyìn náà yóò dàrú. Nítorí náà, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ni tàbí méjèèjì, àti bí ó ṣe yára tó, ni dókítà máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Àtọ̀gbẹ

Àtọ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, wà lára àwọn ohun tí ó wọ́pọ̀ jù lọ tí ń fa ara kíkú tí kì í lọ. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú, tí yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa sún mọ́ orúnkún, àwọn ìka ọwọ́ náà lè ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń le sí i lóru.

Ewu ibẹ̀ ju títa lọ. Ẹsẹ̀ tí ó ti kú kì í mọ ìgbà tí ìṣó gún un, tàbí tí bàtà bó o, tàbí tí omi gbígbóná jó o. Egbò lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí olúwarẹ̀ tó rí i, kí kòkòrò sì ti wọ inú rẹ̀ dé egungun. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ títí egbò náà yóò fi yọ. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò jẹun fún wákàtí 8 wò, tí ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ 126 mg/dl tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà kejì, àtọ̀gbẹ ni.

Fítámínì, oògùn àti ọtí

Iṣan nílò fítámínì B12, èyí tí ó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà. Arúgbó tí ara rẹ̀ kò lè fà á mọ́ra dáadáa, àti ẹni tí kì í jẹ ẹran tàbí ẹja rárá, lè ṣaláìní in. Bẹ́ẹ̀ náà ni alátọ̀gbẹ tí ó ti lo metformin fún ọdún púpọ̀, nítorí pé oògùn náà lè dín B12 kù. Ẹni tí ń lo isoniazid fún ikọ́ ẹ̀gbẹ lè nílò fítámínì B6 pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, B6 tí ó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ ń ba iṣan kan náà jẹ́. Nítorí náà, rírà á lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oògùn láìṣe àyẹ̀wò lè dá kún ìṣòro.

Stavudine, tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní kòkòrò HIV lò nígbà kan, ba iṣan ẹsẹ̀ púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Ní 2009 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn láti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọtí àmujù náà ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí, pàápàá bí ọ̀mùtí kò bá jẹun.

Ẹ̀tẹ̀

Ẹ̀tẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Norway, Gerhard Armauer Hansen, ni ó rí kòkòrò tí ń fà á ní 1873. Àmì rẹ̀ ni àbàwọ́n tí ó sábà máa ń mọ́lẹ̀ ju awọ ara yòókù lọ, tí ènìyàn kò sì ní mọ̀ bí a bá fi òwú kàn án. Oṣù 6 tàbí oṣù 12 ni a ń lo oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tí ó bá tètè lò ó kò yẹ kí ó pàdánù ọmọ ìka.

Àìsàn tí a rí ní Ẹ̀pẹ́

Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní Ẹ̀pẹ́ lórí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń bàjẹ́. Gbágùúdá ni wọ́n ń jẹ jù, ohun tí ń ṣara lóore bí ẹja àti ẹran kò sì tó. Ó tọ́ka sí sáyánáìdì, májèlé inú gbágùúdá. Àbájáde ìwádìí tí ó jáde ní 2000 fi hàn pé àìsàn náà ṣì wà ní Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kan kò gbà mọ́ pé sáyánáìdì ni ó fà á. Síbẹ̀, kí a rẹ gbágùúdá dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a sì yan gàrí rẹ̀ dáadáa, ń dín májèlé náà kù.

Iṣan tí nǹkan tẹ̀

Bí àtàǹpàkò, ìka tí ó tẹ̀ lé e àti ìka àárín bá ń kú lóru, iṣan tí ó gba ọrùn ọwọ́ ni a sábà máa ń fura sí. Ó wọ́pọ̀ lára aboyún àti ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ sinmi. Èyí tí ó ti ìbàdí sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ kan sábà máa ń ti ọ̀pá ẹ̀yìn wá.

Èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Bí ẹ̀gbẹ́ kan ojú, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá kú lójijì, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, rọpárọsẹ̀ lè ni. Oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í wúlò mọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, nítorí náà ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ, kódà bí ó bá ti lọ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ kíkú tí ń gòkè láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ó sì ń mú àìlágbára dání, nítorí ó lè dé ibi èémí. Ìdí àti abẹ́ tí ó kú, tí ìtọ̀ kò sì ṣeé ṣe mọ́, kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú láìsí ìtọ́jú.

Fún èyí tí kò yá bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò ṣúgà àti B12 ni ìbẹ̀rẹ̀. Kí alátọ̀gbẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó fi ọwọ́ yẹ inú bàtà rẹ̀ wò kí ó tó wọ̀ ọ́, kí ó má sì rìn láìwọ bàtà. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Oògùn ìrora lè mú títa náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohun tí ó fà á kò bá tíì kúrò, ara náà yóò tún kú.